Alága, Austin àti Kẹ́ẹ̀gì Omi: Bí Mo Ṣe Kọ Pépà Mi Lórí Performance

Kọ́ọ̀sì kan wà nínú ètò másítà wa tí àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa máa ń fi dẹ́rù bà wá. Performance theory ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ní ká ṣe kò gùn lórí ìwé: ká mú iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé bíi méjì, ká fi àlàyé àwọn onímọ̀ nípa performance (ìṣe tí a ń ṣe níwájú òǹwòran) àti performativity (bí ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe ṣe ń mú kí nǹkan ṣẹ gan-an) yẹ̀ wọ́n wò, ká kọ pépà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó 6,000, ká sì gbèjà rẹ̀ níwájú kíláàsì. Mo ti kọ tèmi, mo ti gbèjà rẹ̀, máàkì sì ti jáde. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ wá láti ẹ̀ka àwòrán yíyà bíi tèmi, tí ẹ ò ka ìwé tíátà rí láyé yín.

Iṣẹ́ gíráfíìsì ni mo kọ́ ní Yábà, iṣẹ́ ọnà náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Súrùlérè. Ohun tí mo mọ̀ nípa performance kí n tó wọ kíláàsì yẹn kò ju àwòrán oníṣẹ́ ọnà Marina Abramović lọ, níbi tó ti jókòó sórí àga ní MoMA, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ní New York, lọ́dún 2010, tí àwọn èèyàn ń wá jókòó síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí omijé ń bọ́ lójú àwọn míì. Mo máa ń wò ó, màá ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wá ni?

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí: ẹ má ti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀. J. L. Austin ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, torí òun ni gbogbo àwọn yòókù ń dá lóhùn. Bí ẹ ò bá tíì gbọ́ ohun tó sọ, ìwé wọn á máa dà bí ẹni tó jókòó tì yín nínú dánfó tó ń pariwo sí fóònù, tí ẹ ò sì gbọ́ ohun tí ẹni tó pè é ń wí.

Onímọ̀ ọgbọ́n orí ni Austin ní Oxford. Lọ́dún 1955 ló lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń wí yìí ní Harvard ní Amẹ́ríkà. Ó kú ní 1960, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìwé ní 1962. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí máa ń ṣe bí ẹni pé ìròyìn ni gbogbo gbólóhùn, tí iṣẹ́ wa kò sì ju ká mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Austin ní ó tì. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún pé òun fún àbúrò òun ní aago ọwọ́ òun, tàbí tó ní òun fi sísì ta tẹ́tẹ́ pé òjò á rọ̀ lọ́la, kò ròyìn nǹkan kan. Ó ti pín ogún, ó ti ta tẹ́tẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fọ́ ìgò mọ́ ọkọ̀ ojú omi tó ní òun sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tọkọtaya níwájú àlùfáà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó. Bí mo bá dìde lónìí, tí mo lọ sí etíkun Àpápá, tí mo fọ́ ìgò ọtí mọ́ ọkọ̀ kan lára, tí mo ní orúkọ rẹ̀ di Àjọkẹ́ láti òní lọ, ìgò ni mo fọ́. Sẹ̀kúríítì á sì fà mí jáde. Austin to àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ wà: ìlànà tí gbogbo èèyàn mọ̀, ẹni tó tọ́ sí i láti ṣe é, àsìkò àti ibi tó tọ́, kí wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì ṣe é tán. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá yẹ̀, nǹkan náà kò ṣẹ. Àìsí òótọ́ inú yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó ṣèlérí tí kò ní i lọ́kàn ti ṣèlérí náà. Ó kàn jẹ́ ẹlẹ́tàn ni.

Lẹ́yìn èyí ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan bíi pé ó ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ. Ó ní bí òṣèré bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ìtàgé, tàbí tó bá wà nínú ewì, òfìfo ni, kò ní agbára kankan, òun sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí òun ń gbé yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì sáré kọjá ojú ìwé yẹn torí wọ́n fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Judith Butler kíákíá. Èmi dúró síbẹ̀. Àǹtí mi ni mo rántí.

Àbúrò màmá mi ni. Alága ìjókòó ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti Ṣómólú dé Lẹ́kì, kò sí Sátidé tí wọn kì í gbé máíkì lé e lọ́wọ́. Wọ́n ń sanwó fún un, ó ní aṣọ iṣẹ́, ó ní onílù tí wọ́n jọ ń rìn, ó sì ní àwàdà tí mo ti gbọ́ láti kékeré tí kò tíì yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n Austin wọ̀n ọ́n, orí ìtàgé ló wà láti àárọ̀ dé alẹ́. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ ẹnì kan ti di ìyàwó.

Mo gbé e lọ bá alábòójútó mi. Mo bi wọ́n bóyá mo lè fi alága kún iṣẹ́ tó dá lórí ọnà ìgbàlódé. Wọ́n ní kí n má fi ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọnà méjèèjì tí mo máa yẹ̀ wò. Kí n fi ṣe òṣùwọ̀n, kí n kó ohun tí mo bá rí níbẹ̀ lọ fi bi àwọn iṣẹ́ ọnà náà léèrè. Ìmọ̀ràn yẹn ló gba pépà mi là, torí ó jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ń wá nínú ìwé kí n tó ṣí ìwé.

Ìwé kíkà tó kù, kíákíá ni màá sọ ọ́. Derrida, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Faransé, sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní Montréal lọ́dún 1971. Ó le, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ṣùgbọ́n ohun tó fi dá Austin lóhùn ṣe é gbé sórí ìka kan: ohun tí Austin gbé sọnù gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ máa ṣiṣẹ́. Kò sí ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó tó lè múlẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ẹlòmíì ti sọ irú rẹ̀ rí, tí ẹlòmíì á sì tún un sọ. Àsọtúnsọ ni gbogbo wọn, bíi ti òṣèré. Butler wá mú èyí dé orí ara ènìyàn, nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1988 àti ìwé tó tẹ̀ lé e ní 1990. Ó ní jíjẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin kò sí nínú wa tẹ́lẹ̀ kó tó máa yọ síta. Ìṣe ojoojúmọ́ tí à ń tún ṣe, tí ìyà sì wà fún ẹni tó bá yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ló ń gbé e ró. Richard Schechner, onímọ̀ tíátà, ní gbogbo performance jẹ́ ìwà tí a ti hù rí tí a tún ń hù. Erving Goffman, onímọ̀ nípa àwùjọ, ẹ kà á nínú bọ́ọ̀sì, kò le.

Ẹni tó dùn mọ́ mi jù ni Margaret Thompson Drewal, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbádò, tó sì gbé ìwé jáde lórí orò àti ìbọ Yorùbá ní 1992. Àwọn òyìnbó tó ṣáájú rẹ̀ máa ń kọ̀wé bí ẹni pé ètò ìbọ jẹ́ ohun tó gan, tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́ tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ní irọ́ ni. Àwọn ọ̀jẹ̀ inú rẹ̀ máa ń yí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é, yíyí tí wọ́n ń yí i yẹn sì wà lára ohun tó ń fún un lágbára. Mo kà á ní ilé ìkàwé Centre for Contemporary Art ní Sábó, ilé tí olóògbé Bisi Silva dá sílẹ̀ ní 2007. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kà á, torí bí àǹtí mi ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Mo pè é.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ tẹ̀ lé yín lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé."

"Ìwọ Àjọkẹ́? O fẹ́ kọ́ṣẹ́ alága ni?"

"Rárá mà. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú pépà ni."

"Pépà kẹ̀! Ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan ló ní kó o wá bá òun jí àwàdà mi?"

Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní èmi ni màá gbé báàgì, èmi ni màá máa ka owó tí wọ́n bá ná fún un, mi ò sì ní jókòó sórí tábìlì àlejò. Ó bá mi gba àyè lọ́wọ́ ìyá ìyàwó. Mo ṣèlérí pé mi ò ní ya fídíò, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Kí n tó lọ, mo pín ojú ìwé jọ́tà mi sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀nà kìíní fún ohun tí alága bá sọ. Ìkejì fún ohun tí ara àwọn èèyàn bá ṣe. Ìkẹta fún owó tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìkẹrin ni mo fi ìbéèrè kan sí lórí: bí iná bá lọ báyìí, tí gbogbo èèyàn sì dìde lọ ilé, kí ni ti ṣẹlẹ̀ tí a ò lè dá padà mọ́? Bí ẹ kò bá mú nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ, ẹ mú ọ̀nà kẹrin yẹn. Òun ló gbà mí lọ́wọ́ àṣà kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a kọ́ àwòrán, pé gbogbo ohun tí a bá rí, ìtumọ̀ rẹ̀ la máa ń wá. Austin kò béèrè ìtumọ̀. Ohun tó ṣẹ ló ń béèrè.

Gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan ní Súrùlérè ni wọ́n ti ṣe é. Ìdílé ọkọ dé ẹnu ọ̀nà, alága ìdúró ṣáájú wọn, orin lẹ́nu wọn. Àǹtí mi dá wọn dúró. Ó ní òun kò mọ̀ wọ́n, òun kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ sí wọn, ọmọ ilé yìí kò sí fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo èèyàn nínú gbọ̀ngàn ló mọ̀ pé kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Orúkọ ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n tẹ̀ sára súfẹ́nííà tó wà lórí tábìlì. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà láyé tó jẹ́ òfìfo lójú Austin, òun nìyí. Ṣùgbọ́n wọ́n san owó ìṣílẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé, náírà gidi, èmi ni mo kà á. Nígbà tí wọ́n mú ìyàwó jáde pẹ̀lú ìbòjú, wọ́n tún san owó ìṣíjú. Ọ̀nà kìíní nínú jọ́tà mi kún fún irọ́, ọ̀nà kẹta kún fún owó tí kò purọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìdọ̀bálẹ̀. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìdílé ìyàwó, àǹtí mi wò wọ́n, ó ní èyí tí wọ́n ṣe yẹn, ti ọmọ àjò ni, kí wọ́n dìde kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn tí sòkòtò rẹ̀ fún gbìyànjú láti fi orúnkún gbé e, ìlù sì ti bú u kó tó dìde. Ẹ wo Butler níbẹ̀: ìṣe tí à ń tún ṣe, olùṣọ́ tó ń wò ó, àti ìtìjú díẹ̀ fún ẹni tí kò ṣe é dáadáa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Ọ̀nà kẹrin ṣófo síbẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà yẹn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ti dọ̀bálẹ̀, ó parí.

Wọ́n ka lẹ́tà ìtọrọ. Ìyàwó fi fìlà dé ọkọ lórí. Wọ́n gbé ẹrù ìdána wá, obì, orógbó, atare, oyin, iyọ̀, iṣu, àti àwọn àpótí tí wọ́n fi rìbọ́nnì dì. Bàbá ìyàwó gba àpò owó orí, wọ́n sì dá a padà fún ìdílé ọkọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pé àwọn kì í ta ọmọ. Èyí mú mi ronú gan-an. Owó náà kò lọ síbì kankan, ẹni tó mú un wá ló tún mú un lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbà pé kí wọ́n fò ó.

Àsìkò kan wá dé tí àǹtí mi gbé máíkì fún àgbà ìdílé, tó sì fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù. Bàbá àti ìyá gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ lórí, wọ́n ń ṣàdúrà. Gbogbo ariwo dákẹ́, àwọn tó ń pín ìrẹsì pàápàá dúró. Mo sún mọ́ àǹtí mi, mo bi í lẹ́sọ̀ pé kí ló dé tí òun náà kò ṣàdúrà, ẹni tó lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni mo bí i ni? Ibi iṣẹ́ mi ti parí, àwọn tó lọ́mọ ló kù."

Ẹni tó tọ́ sí i láti ṣe é. Austin wà ní gbọ̀ngàn náà pẹ̀lú wa. Ẹni tí wọ́n sanwó fún láti sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu òun kò dé, láìka ìwé kankan.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun, mo lọ yíká tábìlì, mo ń béèrè pé ìgbà wo gan-an ni ọmọbìnrin yẹn di ìyàwó. Ìyá àgbà kan ní ìgbà tí òbí ṣàdúrà lé wọn lórí. Ọ̀rẹ́ ọkọ kan ní ìgbà tó dé fìlà fún un. Ẹlòmíì ní ìgbà tí wọ́n gba ẹrù, tí wọ́n sì jẹ obì. Ọmọdébìnrin kan tó ń mu fáńtà wò mí bíi pé mi ò gbọ́n, ó ní ṣebí wọ́n ti ṣe é ní régísírì ní Ìkòyí ní Tọ́sìdeè. Gbogbo wọn ló jẹ́rìí sí i pé ó ti ṣẹ. Kò sí méjì tí ìdáhùn wọn bára mu nípa ìgbà tó ṣẹ. Austin máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbólóhùn kan ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Níbi tí mo wà yìí, iṣẹ́ náà fọ́n káàkiri gbọ̀ngàn, ara rẹ̀ wà nínú irọ́ alága, ara rẹ̀ wà nínú owó tí wọ́n dá padà. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo fi kọ èyí nínú pépà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀.

Ó wá kan àwọn iṣẹ́ ọnà. Ti Wura-Natasha Ogunji ni mo kọ́kọ́ mú. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Èkó ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2013, òun àti àwọn obìnrin mélòó kan fi aṣọ bo ojú bí egúngún, wọ́n so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n sì ń wọ́ ọ lórí títì ní Èkó. Ìbéèrè ni àkọlé iṣẹ́ náà: *Will I still carry water when I am a dead woman?* Ọmọbìnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì lé orí ní Èkó, ta ló ń yíjú wò ó? Ṣùgbọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn kúrò lórí, so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, bo ojú ẹni tó ń fà á, iṣẹ́ ojoojúmọ́ kan náà sì di ìran. Aṣọ tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdí egúngún, ibi tí àṣà ti ní kí obìnrin fara sẹ́yìn ni, kò sì sí ìdílé tàbí agbo kankan tó gbé àṣẹ lé àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́. Bí a bá fi ti Austin wọ̀n ọ́n, ẹni tó ń ṣe é kò tọ́ sí i, nǹkan náà kò lè ṣẹ.

Mo fi àwọn àwòrán rẹ̀ han àǹtí mi lórí fóònù mi, láìsọ nǹkan kan. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ta ló rán wọn?"

Mo gbàgbé oúnjẹ tó wà níwájú mi. Ìbéèrè yẹn ni mo fi kọ gbogbo ìyókù pépà náà. Òun fúnra rẹ̀, wọ́n máa ń rán an ni. Ìdílé ìyàwó ló rán an, ó sì mọ ààlà iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ẹ̀yọ̀ náà, wọ́n rán an ni. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ pépà yìí fún ló ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi Ẹ̀yọ̀ ṣe é, ọmọ Èkó bíi tèmi. Ìpínrọ̀ kan ni mo fún un, torí kì í jáde lọ́dọọdún, mi ò sì fẹ́ kọ ohun tí mi ò lè fi ojú ara mi wò. Ṣùgbọ́n ó wúlò fún àfiwé. Ìdáhùn sí ìbéèrè àǹtí mi wà lórí Ẹ̀yọ̀ gan-an: àwọ̀ akẹtẹ̀ ló ń sọ ìga, ìyẹn ààfin ìjòyè, tó ti jáde. Ó sì ń pàṣẹ fún òǹwòran pẹ̀lú. Ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ bàtà, ẹ ò gbọ́dọ̀ di ṣùkú, ẹ ò gbọ́dọ̀ mu sìgá. Àwọn obìnrin oníkẹ́ẹ̀gì kò ní akẹtẹ̀ kankan lórí. Òǹwòran ló máa pinnu fúnra rẹ̀ irú ẹni tí òun jẹ́ níwájú wọn, bóyá á ṣí ọ̀nà fún wọn, bóyá á rẹ́rìn-ín, bóyá á bínú.

Ti Jelili Atiku ni ìkejì. Ọmọ Èjìgbò ni, ní ìhà orí ilẹ̀ Èkó lọ́hùn-ún. Ó gba ẹ̀bùn Prince Claus ní 2015. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2016, ó ṣe iṣẹ́ kan ní ìgboro Èjìgbò, tó fi orúkọ ẹyẹ Àràgàmàgò pè. Ní ọjọ́ 18, wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Dída àlàáfíà ìlú rú wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Mo fi ọ̀nà kẹrin inú jọ́tà mi bi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí léèrè. Kí ni ti ṣẹlẹ̀ tí a ò lè dá padà mọ́? Ilé ẹjọ́ kì í fi òfìfo kan ẹnikẹ́ni lẹ́sùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ẹ̀sùn yẹn sórí ìwé, ìjọba fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i pé ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe ní títì jẹ́ ìṣe, kì í ṣe eré. Bó bá jẹ́ inú gálárì kan ní Ìkòyí ló ti ṣe é, wọn ì bá mu wáìnì, wọn ì bá pàtẹ́wọ́, wọn ì bá lọ ilé. Austin rò pé ìtàgé àti ayé ní ààlà tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Èjìgbò, lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí ni wọ́n tó wá pa ààlà náà, àwọn tó wòran ló sì pa á.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì fẹ́ kí n sọ ọ́ di pé bí wọ́n bá mú oníṣẹ́ ọnà, iṣẹ́ rẹ̀ dáa nìyẹn. Mo kọ̀. Àtìmọ́lé kì í fún iṣẹ́ ọnà ní máàkì. Ohun tó fi hàn kò ju pé iṣẹ́ náà dé ibì kan.

Ìṣòro kan wà tí ẹ̀yin náà máa bá pàdé. Mi ò sí níbẹ̀ ní 2013 àti 2016. Àwòrán àti fídíò ni mo rí. Peggy Phelan sì ti sọ ní 1993 pé ìsinsìnyí nìkan ni performance wà láàyè, pé bí wọ́n bá ti gbà á sílẹ̀, ó ti di nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e dórí, kò ní lè kọ pépà kankan. Diana Taylor ló yọ mí, nínú ìwé tó ṣe ní 2003, tó fi ya ohun tí ìwé àti fíìmù ń pa mọ́ sọ́tọ̀ sí ohun tí ara ènìyàn ń pa mọ́. Àwàdà àǹtí mi kò sí nínú ìwé kankan, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ti gbà á, ara ló wà. Mo wá kọ ọ́ kedere nínú pépà irú ẹ̀rí tí mo ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tí mo wà níbẹ̀, èyí tí fótò sọ fún mi, èyí tí ìwé ìròyìn sọ. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́ ìgbèjà kò gùn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo yín á gbọ́: bí alága bá jẹ́ performance, ṣé gbogbo nǹkan kọ́ nìyẹn? Ẹ ti mú Schechner dání. Ó ní àwọn ohun kan wà tí àwùjọ fúnra rẹ̀ pè ní performance, gbogbo ìyókù sì wà tí a lè wò bí ẹni pé ó jẹ́ ọ̀kan. Mo ní alága wà ní ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn.

Ìkejì ló gbé mi lọ síbi tí mi ò rò. Ọmọ kíláàsì wa kan dá Abramović padà sọ́rọ̀, iṣẹ́ tó ṣe ní Naples ní 1974, tó kó nǹkan 72 sórí tábìlì, ìbọn àti ọta kan wà lára wọn, tó sì dúró fún wákàtí mẹ́fà kí àwọn èèyàn fi ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Ó ní, "Àwọn tó gé aṣọ rẹ̀, tí wọ́n ṣe é léṣe, ta ló rán wọn?" Mo ronú díẹ̀. Abramović fúnra rẹ̀ ni. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì pé òun ni nǹkan náà, pé gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀, ọrùn òun ló wà. Ìwé kékeré yẹn ni ọ̀rọ̀ Austin tó ṣiṣẹ́ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Kí ó tó wà níbẹ̀, ẹni tó bá gé aṣọ obìnrin ti dáràn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di òǹwòran. Mo fi kún pépà kí n tó fà á lé wọn lọ́wọ́.

Fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, alábòójútó mi ní mo ti fi ti ẹlòmíì ṣe tó, kí èmi náà gbé iṣẹ́ kan sí títì ní Yábà, kí n kọ ìwé lórí bí mo ṣe gba àyè àti ohun tí àyè náà ṣe sí iṣẹ́ náà. Mo ti ń lọ káàkiri, mò ń béèrè ẹni tó ni igun títì tí mo fẹ́ lò. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti sọ fún mi pé òun ni, ọ̀kan nínú wọn sì ti já rìsíìtì fún mi.